Irorẹ́ Kì í Ṣe Ẹ̀gbin

 Ọ̀rọ̀ owó ni a sábà máa ń bá ara wa sọ lójú ewé yìí: owó ìfipamọ́, owó ìpín, ẹ̀yáwó àti bí a ṣe ń san án padà. Ti oṣù yìí yàtọ̀ díẹ̀. Ọ̀rọ̀ irorẹ́ ni a fẹ́ sọ. A mọ̀ pé àwọn kan á rẹ́rìn-ín, wọ́n á ní, “Ṣé irorẹ́ náà ló wá di ohun tí à ń kọ sínú ìwé ẹgbẹ́?” Bẹ́ẹ̀ ni o, ìdí mẹ́ta ni a sì ní.

Èkíní, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí ilé kan nínú ẹgbẹ́ wa tí kò ní ọmọ tàbí ọmọ-ọmọ tí irorẹ́ ń dà láàmú. Èkejì, owó tí à ń ná lórí ìpara nítorí rẹ̀ kì í ṣe kékeré. Ẹ̀kẹta ló ṣe pàtàkì jù: púpọ̀ nínú ìpara tí a ń fi owó wa rà ló ń sọ àìsàn kékeré di ńlá. Àwọn kan nínú wa ń tà wọ́n, àwọn mìíràn ń rà wọ́n. Ó yẹ kí ẹni tó ń tà àti ẹni tó ń rà jọ mọ ohun tó wà ńbẹ̀.

KÍ NI IRORẸ́ GAN-AN?

Bí a bá wo awọ ara wa dáadáa, a ó rí i pé ihò wẹ́wẹ́ ló kún ojú rẹ̀. Inú ihò wọ̀nyí ni irun ti ń hù. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ihò náà, lábẹ́ awọ, àpò kékeré kan wà tó ń pèsè ọ̀rá. Ọ̀rá yìí kì í ṣe ohun burúkú. Òun ni kì í jẹ́ kí awọ wa gbẹ bí ewé ìgbà ọyẹ́. Ojú, àyà, ẹ̀yìn àti èjìká ni àpò ọ̀rá wọ̀nyí pọ̀ sí jù, ìdí nìyí tí irorẹ́ fi ń yọ níbẹ̀. Kì í yọ ní àtẹ́lẹwọ́ tàbí àtẹ́lẹsẹ̀, nítorí pé kò sí àpò ọ̀rá níbẹ̀ rárá.

Nígbà tí ọmọ bá ń bàlágà, ìbáà ṣe ọkùnrin tàbí obìnrin, ara rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í pèsè àwọn èròjà kan tí àwọn dókítà ń pè ní họ́móònù. Èyí tó ń jẹ́ androgen nínú wọn á mú kí àpò ọ̀rá tóbi, kó sì máa tú ọ̀rá jáde ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Lákòókò kan náà, awọ tó ti kú nínú ihò, tó yẹ kó máa ṣí kúrò díẹ̀díẹ̀, á lẹ̀ mọ́ra, á sì dí ẹnu ihò. Ẹ fi wé gọ́tà iwájú ilé: bí pàǹtí bá dí i, omi á dúró sójú kan. Kòkòrò àìfojúrí kan wà tó ń jẹ́ Cutibacterium acnes. Ó ti ń gbé lára gbogbo wa tẹ́lẹ̀ láìṣe wá ní nǹkan kan. Òun náà á wá máa pọ̀ sí i nínú ọ̀rá tó há síbẹ̀. Ara á wá dìde láti jà. Ìjà yẹn ló ń mú kí ojú ibẹ̀ wú, kó gbóná, kó máa dunni, títí tó fi máa ń di ọyún.

Ohun mẹ́rin náà nìyẹn: ọ̀rá tó pọ̀ jù, ihò tó dí, kòkòrò tó ń pọ̀ sí i, àti ara tó ń jà. Kò sí ẹ̀gbin nínú wọn. Kò sì sí èpè nínú wọn.

Ẹ má rò pé ọmọ tiyín nìkan ló ń ṣe. Nínú ọ̀dọ́ 100 tí ọjọ́ orí wọn wà láàrin ọdún 12 sí 24, bíi 85 ni irorẹ́ ń yọ lára wọn, yálà púpọ̀ tàbí díẹ̀. Ìṣirò tí wọ́n ṣe kárí ayé fún ọdún 2010 fi irorẹ́ sí ipò kẹjọ nínú àwọn àìsàn tó wọ́pọ̀ jù lọ láàrin ọmọ aráyé. Àgbàlagbà náà sì ń ní i, pàápàá àwọn obìnrin.

ÀWỌN ÀMÌ RẸ̀

Irorẹ́ kì í yọ lọ́nà kan ṣoṣo. Ojú ẹnìkan lè ní oríṣi mẹ́ta tàbí mẹ́rin pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ jẹ́ kí á tò wọ́n láti orí èyí tó rọrùn dé orí èyí tó le.

(1) Olórí funfun. Kókó kéékèèké ni, ihò rẹ̀ ti dí pátápátá. Kì í sábà dunni.

(2) Olórí dúdú. Ihò dí, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ ṣí sílẹ̀. Dúdú tí à ń rí lórí rẹ̀ yẹn kì í ṣe ìdọ̀tí o. Ọ̀rá àti awọ tó ti kú ló kan afẹ́fẹ́, tó pàdé èròjà tó ń mú awọ dúdú. Bí ẹ fi kànrìnkàn ha á láti àárọ̀ di alẹ́, kò ní lọ.

(3) Kókó tó wú, tó le, tó ń dunni bí a bá fọwọ́ kàn án. Inú ìwé àwọn Òyìnbó ni ẹ óò ti kà pé ó máa ń pọ́n. Lára awọ dúdú tiwa, pípọ́n náà lè má hàn. Ó lè jẹ́ pé ńṣe ni ojú ibẹ̀ dúdú ju ara yòókù lọ, tàbí kó dà bí àwọ̀ ẹsẹ̀ àlùkò.

(4) Ọlọ́yún. Èyí ni kókó tó ti ní ojú funfun tàbí ojú yẹ́lò.

(5) Kókó ńlá tó fìdí kalẹ̀ sí abẹ́ awọ. Ó máa ń dunni gan-an, ó lè lo ọ̀sẹ̀ púpọ̀, ó sì máa ń fi ihò tàbí àpá sílẹ̀. Èyí kì í ṣe ohun tí a ń fi ìpara ọjà tọ́jú. Ti dókítà ni.

Gbogbo ohun tó ń yọ lójú kọ́ ni irorẹ́. Bí ẹ kò bá rí olórí funfun tàbí olórí dúdú kankan láàrin wọn, ẹ fura. Làpálàpá máa ń rí roboto, á sì máa yúnni. Eéwo sábà máa ń dá yọ, á tóbi, á sì gbóná. Kókó tó ń yọ ní àgbọ̀n ọkùnrin lẹ́yìn tó bá fá irùngbọ̀n, irun tó ká, tó tún padà wọ inú awọ, ló sábà ń fà á. Èyí tó ń yọ sẹ́yìn ọrùn àwọn ọkùnrin tó ń lọ gẹ irun kodoro lọ́dọ̀ onígbàjámọ̀ náà kì í ṣe irorẹ́, ìtọ́jú tirẹ̀ ọ̀tọ̀ ni.

ÀPÁ NÁÀ LÓ Ń PẸ́ LÁRA WA

Bí ẹ bá bi ọ̀pọ̀ ọmọ wa léèrè, wọn á sọ pé irorẹ́ gan-an kọ́ ló ń dùn wọ́n jù, bí kò ṣe àmì dúdú tó ń fi sílẹ̀. Nígbà tí ara bá jà lójú kan, awọ dúdú máa ń tú èròjà dúdú sójú ibẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Irorẹ́ lè lọ láàrin ọ̀sẹ̀ kan, kí àmì rẹ̀ lo oṣù mẹ́fà, tàbí kó lé ní ọdún kan. Ìròyìn ayọ̀ ni pé àmì dúdú tó tẹ́jú yìí máa ń ṣí kúrò fúnra rẹ̀ bí a kò bá tún dá ibẹ̀ lọ́gbẹ́. Oòrùn ló ń mú un dúdú sí i, nítorí náà fìlà tàbí agbòòrùn wúlò.

Àwọn kan sì wà tí àpá wọn máa ń yọ gègè, tó ń le, tó ń tóbi ju ojú ọgbẹ́ lọ. Àyà, èjìká àti àgbọ̀n ni irú rẹ̀ wọ́pọ̀ sí, ó sì máa ń wà nínú ìdílé. Bí irú àpá bẹ́ẹ̀ bá wà lára bàbá tàbí ìyá, kí ọmọ má ṣe fi irorẹ́ rẹ̀ ṣeré rárá.

Ìdí nìyí tí a fi ń bẹ̀ yín: ẹ má tẹ irorẹ́. Bí a bá tẹ̀ ẹ́, ọyún díẹ̀ á jáde lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìyókù á tú wọ inú lọ, ìjà á wá di ńlá. Àwọn àgbà wa ní ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fagbára mú ní í le koko bí ojú ẹja.

KÍ LÓ Ń FÀ Á, KÍ NI KÒ FÀ Á?

Ìdọ̀tí kò fà á. Ọmọ tó ń wẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta lójúmọ́ lè ní irorẹ́ ju ẹni tó ń wẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lọ. Kódà, fífi kànrìnkàn ha ojú máa ń bí irorẹ́ nínú ni.

Àìtíì-mọ-ọkùnrin tàbí àìtíì-mọ-obìnrin kò fà á. Ọ̀rọ̀ burúkú gbáà lèyí, a sì fẹ́ kí ó dópin láàrin wa. Àwọn kan máa ń sọ fún ọmọdébìnrin pé bó bá ti mọ ọkùnrin, irorẹ́ rẹ̀ á lọ. Irọ́ ni. Ọ̀pọ̀ ìyàwó ilé àti ìyá ọlọ́mọ ló ní irorẹ́ títí di òní. Ẹni tó bá ń sọ irú rẹ̀ fún ọmọ, ẹ mọ ohun tó ń wá.

Ẹ̀pà ńkọ́? Láti kékeré ni wọ́n ti ń sọ fún wa pé ẹ̀pà àti epo ló ń fa irorẹ́. Kò sí ẹ̀rí tó fẹsẹ̀ múlẹ̀ pé bẹ́ẹ̀ ló rí. Ohun tí ìwádìí tọ́ka sí ni oúnjẹ tó kún fún ṣúgà, bíi ọtí ẹlẹ́rìndòdò, àti mílíìkì fún àwọn kan. Kò burú bí ọmọ bá dín in kù, ṣùgbọ́n ẹ má febi pa á nítorí irorẹ́.

Ìdílé lọ́wọ́ sí i púpọ̀. Bí bàbá àti ìyá bá ní i gan-an nígbà èwe wọn, ọmọ lè jogún rẹ̀. Nǹkan oṣù náà lọ́wọ́ sí i: ọ̀pọ̀ obìnrin ló ń rí i pé ó máa ń pọ̀ ní ọjọ́ díẹ̀ kí nǹkan oṣù tó dé.

Ìpara irun wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ní ọdún 1970 ni àwọn dókítà kan ní Amẹ́ríkà kọ̀wé nípa irú irorẹ́ kan tó ń yọ níwájú orí àti ẹ̀bátí àwọn aláwọ̀ dúdú tó ń fi ìpara tó nípọn pa irun. Ìpara náà ló ń ṣàn wá sójú, tó ń dí ihò. Bí irorẹ́ ọmọ yín bá pọ̀ níwájú orí nìkan, ohun tó ń fi sórí ni kí ẹ kọ́kọ́ wò.

Àwọn oògùn kan náà lè fà á, bíi oògùn wárápá kan àti isoniazid tí wọ́n fi ń wo ikọ́ ife. Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹnikẹ́ni má tìtorí irorẹ́ dá oògùn ikọ́ ife dúró o! Ẹ lọ sọ fún dókítà tó fún yín. Àmọ́ èyí tó ń ba ojú jẹ́ jù láàrin wa, kì í ti ọwọ́ dókítà wá. Òun ló kàn báyìí.

ÌPARA ÀDÀLÙ

Ẹ mọ̀ ọ́n. Wọ́n á tẹ oríṣiríṣi túùbù sínú abọ́ kan, wọ́n á pò ó, wọ́n á kó o sínú ike tí kò ní orúkọ. Wọ́n á ní irorẹ́ á lọ, ojú á sì mọ́ kedere. Ohun tó sábà máa ń wà nínú rẹ̀ ni sìtẹ́rọ́ìdì tó lágbára, bíi clobetasol, àti hydroquinone. Nígbà mìíràn mẹ́kúrì náà máa ń wà ńbẹ̀.

Bó ṣe ń tan ènìyàn jẹ nìyí. Iṣẹ́ sìtẹ́rọ́ìdì ni láti pa ìjà ara rọlẹ̀. Nítorí náà, láàrin ọjọ́ mélòó kan, ojú á tutù, wíwú á lọ, onítọ̀hún á máa dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ihò ṣì dí síbẹ̀. Bí ọ̀sẹ̀ ti ń gorí ọ̀sẹ̀, awọ á máa fẹ́lẹ́, kókó kéékèèké tí gbogbo wọn bára dọ́gba á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ. Bó bá dáwọ́ dúró, gbogbo rẹ̀ á tú jáde ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ẹ̀rù á bà á, á sáré padà lọ rà á. Sógundogójì nìyẹn, àbí kí ni? Ó yá wa ní ojú dídán fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ó ń gba èlé lórí rẹ̀ fún ọdún mẹ́ta.

Ìyá kan nínú ẹgbẹ́ wa gbà wá láyè láti sọ ti ọmọ rẹ̀, láìdárúkọ. Ọmọ ọdún 17 ni. Irorẹ́ rẹ̀ kò ju mélòó kan lọ ní iwájú orí. Ọ̀rẹ́ ìyá náà mú ìpara àdàlù wá, ojú ọmọ sì dán láàrin ọ̀sẹ̀ kan. Ní oṣù kẹrin, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ kún fún kókó, irun wẹ́wẹ́ ń hù ní ojú rẹ̀, oòrùn ò ṣeé jáde sí. Ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í sá fún ilé ìwé. Ìyá rẹ̀ ní gbogbo owó ìpara náà, bí òun bá fi sínú owó ìfipamọ́ òun ni, ì bá ti san owó ìdánwò ọmọ. Dókítà ló wá ń bá wọn já a kúrò díẹ̀díẹ̀, ó sì gba oṣù púpọ̀.

Ti ojú nìkan kọ́. Mẹ́kúrì ń ba kíndìnrín jẹ́. Sìtẹ́rọ́ìdì tí a fi ń para fún ìgbà pípẹ́ lè wọ inú ẹ̀jẹ̀, ó lè fa ẹ̀jẹ̀ ríru àti àtọ̀gbẹ, kì í sì í jẹ́ kí ọgbẹ́ tètè jinná. Àjọ NAFDAC ti fòfin de mẹ́kúrì nínú ohun ìpara, kò sì gbà kí hydroquinone inú rẹ̀ ju 2 nínú 100 lọ. Ìpara inú ike tí kò ní orúkọ, ta ni ó mọ iye tó wà nínú rẹ̀?

OHUN TÍ A LÈ ṢE

(a) Kí á fi ọṣẹ tí kò le àti omi wẹ ojú lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, ọwọ́ lásán ni kí á fi wẹ̀ ẹ́. Ọṣẹ dúdú kò burú fún gbogbo ènìyàn, ṣùgbọ́n bí ojú bá ń fà tàbí tó ń bó lẹ́yìn rẹ̀, ó ti le jù fún onítọ̀hún.

(b) Ẹ lọ sí kẹ́míìsì tó ní apoògùn tó kàwé, kí ẹ béèrè benzoyl peroxide, èyí tó jẹ́ 2.5 tàbí 5 nínú 100. Ó ń pa kòkòrò, ó sì ń ṣí ihò. Kí ọmọ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú díẹ̀, ní alẹ́ kan sí èkejì, títí ojú á fi mọ́ra. Ó máa ń bó àwọ̀ aṣọ o, nítorí náà ẹ má jẹ́ kó kan ìrọ̀rí tó dára.

(d) Adapalene náà wà, alẹ́ ni a ń lò ó. Gbogbo ibi tí irorẹ́ ti ń yọ ni a ń fi í pa fẹ́ẹ́rẹ́, kì í ṣe orí kókó nìkan. Kí aláboyún má lò ó.

(e) Sùúrù ni oògùn kejì. Ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ kí á tó rí ìyàtọ̀, ó sì tó ọ̀sẹ̀ 12 kí á tó lè sọ pé oògùn ò ṣiṣẹ́. Ẹni tó bá ń pààrọ̀ ìpara lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, owó ló ń dà nù.

(ẹ) Ẹ má fi ọsàn wẹ́wẹ́ tàbí ọṣẹ ìfọyín sí irorẹ́. Omi ọsàn wẹ́wẹ́ pẹ̀lú oòrùn máa ń jó awọ, ojú jíjó sì ń di àmì dúdú.

(f) Ẹ má tú kápúsù sí i, ẹ má sì dá a rà láti gbé mì. Irú oògùn bẹ́ẹ̀ wà tí dókítà ń lò fún irorẹ́, ṣùgbọ́n ó ní iye ọjọ́, a sì máa ń lo nǹkan mìíràn mọ́ ọn, kí kòkòrò má baà mọ́ ọn lára.

ÌGBÀ TÓ YẸ KÍ Á RÍ DÓKÍTÀ

Bí kókó ńlá bá wà lábẹ́ awọ. Bí ihò tàbí àpá bá ti ń hàn. Bí oṣù mẹ́ta bá kọjá láìsí ìyàtọ̀. Bí ẹ bá ti lo ìpara àdàlù, tí ẹ kò mọ bí ẹ ó ṣe kúrò nínú rẹ̀. Obìnrin tí nǹkan oṣù rẹ̀ kì í wá déédéé, tí irùngbọ̀n sì ń hù fún, kó má ṣe kà á sí irorẹ́ lásán, nítorí ó lè jẹ́ pé ilé ọmọ àti họ́móònù rẹ̀ ló ń fẹ́ àyẹ̀wò. Dókítà onímọ̀ awọ ara wà ní UCH ní Ìbàdàn, ní LUTH ní Ìdí-Àràbà, àti ní ilé ìwòsàn Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀. Wọ́n ní oògùn tó lágbára gan-an fún èyí tó le, tó ń jẹ́ isotretinoin, tí wọ́n ti ń lò ní Amẹ́ríkà láti ọdún 1982. Ó ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ó ń ba ọmọ inú oyún jẹ́, nítorí náà kò yẹ kí ẹnikẹ́ni rà á lẹ́yìn dókítà.

Ẹ̀YIN ÒBÍ, Ẹ̀YIN ỌLỌ́JÀ

Ẹ̀yin òbí, ẹ má fi ojú ọmọ yín ṣe yẹ̀yẹ́. Ohun tí ẹ̀yin ń fi ṣe àwàdà lè máa gba oorun lójú ọmọ. Bí ẹ bá rí i pé ó ń sá fún ẹgbẹ́ rẹ̀, tí kò fẹ́ jáde, ẹ pè é jókòó, ẹ fẹ̀lẹ̀ bá a sọ̀rọ̀.

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ wa tó ń ta ìpara, a mọ̀ pé ọjà lẹ fi ń jẹun, a ò sì ní kí ẹ má tajà. Ohun tí a ń bẹ̀bẹ̀ fún kò ju èyí lọ: ẹ ta èyí tó ní orúkọ, tó ní nọ́ńbà NAFDAC, tó kọ ohun tó wà nínú rẹ̀ sára. Èyí tí ẹ kò lè fi pa ojú ọmọ tiyín fún ọdún kan, ẹ má tà á fún ọmọ ẹlòmíràn. Ọmọ ẹgbẹ́ kan náà ni wá. Ẹni tí ẹ tà á fún lónìí, òun lẹ óò jọ jókòó ní ìpàdé lóṣù tó ń bọ̀, ojú ọmọ rẹ̀ á sì wà ńbẹ̀ fún gbogbo wa láti rí.